Orí Kẹrin: Ìdọ̀tí, Igi àti Iyanrìn ní Etíkun Aráròmí

Kí ẹnikẹ́ni tó pinnu ohun tí yóò fi ọ̀rá, ike, igi ìdáná àti iyanrìn ṣe ní Aráròmí, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Oǹdó, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí ìlú náà jókòó lé. Láti ààlà Nàìjíríà àti Benin ní Sẹ̀mẹ̀ títí kọjá Lẹ́kkí, iyanrìn ni etíkun wa. Bó bá ti ń wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ, iyanrìn á máa tán lọ, ẹrẹ̀ á máa pọ̀ sí i, títí a ó fi dé agbègbè Ayétòrò àti Awóyè, níbi tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ rírọ̀ ni ìgbì ń bá wọ̀yá ìjà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é ní etíkun ẹlẹ́rẹ̀ ti Máhìn, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kìlómítà 75 kó tó dé ẹnu odò Benin. Ẹrẹ̀ kì í bá òkun jà pẹ́. Ayétòrò, tí ìjọ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ilé, ilé-ìwé, ilé ìjọsìn àti ibi ìsìnkú sínú òkun. Aráròmí, tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn, ṣì ní iyanrìn àti igi àgbọn níwájú rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni òun náà: òkun níwájú, omi àti àbàtà lẹ́yìn. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí a ti ń wá oúnjẹ àti ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí kò lè jìnnà síra.

Ohun kan ṣoṣo ni orí yìí fẹ́ fi múlẹ̀. Ìlú etíkun tó bá fẹ́ pẹ́ gbọ́dọ̀ fi òfin ara rẹ̀ ṣàkóso ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí ilé, igi ẹ̀yìn ìlú, iyanrìn etí omi àti àwọ̀n ìpẹja, kó sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé. Ìdí méjì ló wà fún un. Àkọ́kọ́ ni pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá a ṣe é ní kíákíá. Ìkejì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rò, ni pé ìlú tó ní àkọsílẹ̀ nípa omi àti ilẹ̀ ara rẹ̀ ló lè bá ilé-iṣẹ́ elépo tàbí ìjọba wí kí wọ́n sì gbọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wàásù ìmọ́tótó fún àwọn ará etíkun máa ń fo ìdí kejì yìí, bí ẹni pé èérí ọwọ́ àwọn apẹja nìkan ló ba òkun jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́, àwọn ará Ìlàjẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dá irú oníwàásù bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi omi fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwíjàre tó wọ́pọ̀ jù ni pé òkun gbòòrò, ohun tí a bá jù sí i, yóò gbé e lọ. Òótọ́ ni pé yóò gbé e lọ. Ibi tó ń gbé e lọ ni ká bi ara wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, wọ́n rí koríko orí omi kan tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò nínú omi Badagry, láti ìhà Porto Novo ló ti wọlé. Kò pẹ́ tó fi tàn dé inú omi Ìlàjẹ, tó dí ojú ọ̀nà ọkọ̀, tó sì bo ibi tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí. Ní oṣù kìíní 1998, páìpù epo Idoho fọ́ lójú òkun Akwa Ibom, nǹkan bíi àgbá epo 40,000 sì dà sínú omi. Omi wọ́ epo yẹn gba gbogbo etíkun lọ sí ìwọ̀ oòrùn títí ó fi dé Èkó, Ìlàjẹ sì wà láàárín méjèèjì. Láti 2011 ni èpò òkun aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń kóra jọ sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti àárín òkun Àtìláńtíìkì. Koríko ti ìwọ̀ oòrùn wá, epo ti ìlà oòrùn wá, èpò ti ojú òkun wá, ìlú tó wà létí omi kan náà ló sì gba gbogbo wọn. Ọ̀rá tí ẹnì kan sọ sílẹ̀ ní ẹnu afárá pákó Aráròmí yóò dé ìlú ẹlòmíràn, bí tẹlòmíràn ṣe ń dé Aráròmí.

Kódà kò ní tíì rin jìnnà kó tó ṣèpalára fún ẹni tó jù ú. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ó ní ihò kéékèèké lápá ìsàlẹ̀ tó fi ń fa omi tútù sínú láti rọ ooru ara rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ mọ́ ihò yẹn ti tó láti dá omi dúró, kí ẹ́ńjìnnì gbóná rekọjá, kó sì kú sójú ìgbì. Èyí tó bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀. Owó ìtúnṣe ẹ́ńjìnnì kan ju owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpò tí ìlú lè fi kó ìdọ̀tí jọ, ẹni tó bá sì ń sọ pé ìmọ́tótó wọ́n jù, kó ṣe ìṣirò yẹn ná.

Nípa ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é, ọ̀rọ̀ àwọn ìlú ńlá kò lè ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ọkọ̀ tí ń kó ìdọ̀tí kì í wọ ibi tó jẹ́ pé omi ni ọ̀nà rẹ̀. Gbígbẹ́ kòtò náà kò ṣeé fọkàn tán, torí pé bí a bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, omi á yọ, ohun tí a bá sì bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni kànga yóò fún wa mu lọ́la. Ohun tó kù ni kí ìdọ̀tí tí kò lè jẹrà bá ọ̀nà tó gbà wọ ìlú padà jáde. Ọkọ̀ ló kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, omi inú ọ̀rá àti núdù wọlé láti Ìgbókòdá tàbí Èkó. Bí ọkọ̀ náà bá ń padà lọ, ó sábà máa ń fúyẹ́ ju bó ṣe wá lọ. Àyè tó ṣófo nínú ọkọ̀ yẹn ni ìlú lè lò. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àti ìyálọ́jà jọ yan ibì kan sí ẹnu afárá, kí wọ́n fi páánù bò ó, kí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ kí omi má baà gbé e. Ibẹ̀ ni kí gbogbo ilé máa kó ike omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, lọ́tọ̀. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí wọ́n ti gbọn omi inú rẹ̀ dànù, lọ́tọ̀. Páńdukú àti agolo, lọ́tọ̀. Àwọn olùra wà fún gbogbo wọn, ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń rà á. Wecyclers, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, fi hàn pé àwọn ilé tí kò rí já jẹ pàápàá máa ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ bí èrè kékeré bá wà nínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ohun mímu náà ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti 2018, Food and Beverage Recycling Alliance, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó ike tí wọ́n tà padà. Ó tọ́ kí àwọn olórí ìlú kọ lẹ́tà sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kò ní tọrọ àánú nínú lẹ́tà náà. Wọ́n kàn ń sọ fún ẹni tó ni ike pé ike rẹ̀ ti wà nínú àpò, ó ń dúró dè é.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ tan ara wa. Nínú gbogbo ike tí ayé ti ṣe tó sì ti di ìdọ̀tí, nǹkan bíi ìdá mẹ́sàn-án péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí tún lò. Ọ̀rá bisikíìtì àti ti núdù, tó jẹ́ àlẹ̀mọ́ oríṣiríṣi nǹkan, kò sí ẹni tí yóò rà á. Abọ́ fùkẹ̀fukẹ̀ funfun tí wọ́n fi ń ta ìrẹsì náà kò ní olùrà. Ìjọba Èkó kéde ní oṣù kìíní 2024 pé òun ti fòfin de abọ́ yẹn. Ohun tí Èkó bá lé kúrò lọ́jà rẹ̀ sì máa ń wá ibòmíràn gbà. Kí Aráròmí má di ibi ìgbà rẹ̀. Fún irú nǹkan tí kò ní olùrà yìí, ọgbọ́n kan ṣoṣo tó wà ni kí ó má wọ̀lú, tàbí kó wọ̀ ọ́ níwọ̀nba. Olóúnjẹ tó bá ń fi ewé pọ́n tàbí tó ń gba abọ́ lọ́wọ́ oníbàárà kò sọ nǹkankan nù. Ìlú lè fi owó ọjà dín in kù fún un, kó sì fi kún ti ẹni tó bá ń lo abọ́ fùkẹ̀fukẹ̀.

Sísun ún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń sun ún, torí pé iná yára. Iná tó jó ike nínú ilẹ̀ gbalasa kì í gbóná tó láti pa oró inú rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, tó ń bà sórí omi àti ewébẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó ń fi ọ̀rá tanná sábẹ́ ààrò ẹja. Ọ̀rá máa ń ran igi tútù lọ́wọ́ láti gbiná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èéfín yẹn náà ni ẹja ń mu. Ẹja tí a fẹ́ tà ní Òkìtìpupa tàbí Èkó ni a fi ọwọ́ ara wa pa lára. Èèpo àgbọn gbígbẹ ń tanná dáadáa, ó sì ń jókòó káàkiri ìlú. Òun ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ iná gbé wa dé orí igi, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù, torí pé igi ni ẹja yíyan ń jẹ, ẹja yíyan sì ni ọwọ́ àwọn obìnrin Ìlàjẹ fi ń dé ẹnu. Ẹja ṣawa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní àárọ̀, tí ẹja náà kò bá kan iná kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bàjẹ́. Níbi tí kò sí iná mọ̀nàmọ́ná fún yìnyín, ààrò ni ilé ìpamọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún obìnrin ẹlẹ́ja pé kó má gé igi àbàtà mọ́ láì fún un ní ohun mìíràn, ṣe ló ń sọ fún un pé kó jẹ́ kí ẹja rẹ̀ rà. Kò ní gbọ́, kò sì yẹ kó gbọ́.

Ohun mìíràn náà wà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà. Ní Chorkor, abúlé apẹja kan ní ẹ̀gbẹ́ Accra ní Ghana, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja àti àwọn onímọ̀ oúnjẹ, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ FAO, ṣe ààrò kan ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 tí wọ́n fi orúkọ abúlé náà pè. Wọ́n fi amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n ní igun mẹ́rin, wọ́n sì pín in sí yàrá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ìdáná tirẹ̀. Asẹ́ onírin tí wọ́n fi pákó ṣe férémù rẹ̀ ni wọ́n ń tò lé ara wọn lórí rẹ̀, ó lè tó asẹ́ 10 sí 15. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le láti yé èèyàn. Lórí ààrò ti àtijọ́, ìpele ẹja kan ni iná ń yan, ooru tó kù ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Lórí ti Chorkor, asẹ́ tó wà lókè ń mú ooru tó bọ́ lọ́wọ́ ti ìsàlẹ̀, bí wọ́n sì ṣe to ara wọn di ògiri, èéfín kò ráyè bọ́ sójú ẹni tó ń dáná. Wọ́n ń pààrọ̀ ipò àwọn asẹ́ náà kí gbogbo ẹja lè gbẹ dọ́gba. Igi díẹ̀ ni yóò yan ẹja púpọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń lò láti kọ́ ọ wà ní Ìgbókòdá, káfíńtà àti bíríkìlà ìlú sì lè kọ́ ọ. Ẹ gbé e sórí pèpéle tó ga ju ibi tí omi máa ń kún dé lọ, nítorí amọ̀ tí omi iyọ̀ bá rin yóò fọ́. Lẹ́yìn èyí, FAO àti àwọn ará Senegal tún ṣe òmíràn ní Thiaroye tó ń sẹ́ òróró ẹja àti èéfín dáadáa sí i, ṣùgbọ́n ó wọ́n díẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja fi owó àjọ kọ́ Chorkor kan ná, kí wọ́n máa lò ó ní ìpín-ìpín, kí wọ́n sì máa ka iye ìdì igi tó jẹ ní ọ̀sẹ̀ kan. Iye yẹn ni yóò bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀.

Ìdí tí igi fi tó báyìí láti jà fún ni pé igi ẹ̀gbà, igi inú omi iyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ta ẹsẹ̀ káàkiri sókè ẹrẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ tí kò sí iye owó tó lè ṣe é. Àárín gbòǹgbò yẹn ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ń sá sí títí wọ́n ó fi dàgbà. Gbòǹgbò yẹn ló ń dá ẹrẹ̀ dúró, tó sì ń dín agbára omi kù. Ní agbègbè Awóyè, odò tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo ṣí ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti wọ inú àbàtà omi dídùn. Igi tí kò mọ iyọ̀ kú dúró, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe igi ìdáná àwọn obìnrin ló ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí igi bá ti kú nítorí ẹlòmíràn, èyí tó kù wá di iyebíye sí i, gígé rẹ̀ sì wá léwu ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Òfin tó rọrùn láti pa mọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi tó wà létí omi, ìwọ̀n ìgbòòrò tí ìlú bá fi ẹnu kò sí; kí gígé mọ sí ẹ̀yìn ibẹ̀, ẹ̀ka ni kí wọ́n sì gé, kì í ṣe gbòǹgbò. Irúgbìn ẹ̀gbà máa ń hù lórí ìyá rẹ̀, ó gùn bí ìka ọwọ́, á já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé lè ṣa á, kí wọ́n rì í mọ́ ibi tí omi ń wọ̀ tó ń sá, láìná kọ́bọ̀.

Iyanrìn kò ní irúgbìn. Èyí tó bá lọ ti lọ. Ní apá etíkun wa yìí, ìgbì ń ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, ìhà Èkó ni ti Aráròmí sì ti ń wá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó òkúta sínú òkun ní ẹnu ọ̀sà Èkó láàárín 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé, iyanrìn kóra jọ sí ìwọ̀ oòrùn òkúta náà, Bar Beach tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀ kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì jẹ ẹ́ wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti tún kọ́ ògiri òkúta fún èbúté Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2023. Ẹni tó bá mọ ìtàn Bar Beach kò ní máa retí pé iyanrìn tó ń bọ̀ wá bá Ìlàjẹ yóò pọ̀ sí i. Láìka èyí sí, àwọn kan ṣì ń wa iyanrìn etí òkun fún búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á ní kí làwọn ó fi kọ́lé? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iyanrìn òkun kò tilẹ̀ dára fún ilé tó ní irin nínú, torí iyọ̀ inú rẹ̀ ń mú irin dípẹtà, ògiri á sì sán. Iyanrìn omi dídùn tí wọ́n bá fi ọkọ̀ kó wá wọ́n jù ú lọ lónìí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á kéré sí ti iyanrìn òkun lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ilé onípákó tó dúró lórí òpó, tí àwọn bàbá wa ń kọ́, tún bá ilẹ̀ yìí mu ju ilé búlọ́ọ̀kù tí a fi ń ṣe fáàrí lọ.

Lórí àwọ̀n, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi kúrú. Òfin ìpẹja òkun ti 1992 fi máìlì orí omi márùn-ún àkọ́kọ́ láti etíkun, tó lé díẹ̀ ní kìlómítà 9, sílẹ̀ fún àwọn apẹja kékeré. Ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ̀tọ́ nìyẹn. Àwa náà ò sì gbọ́dọ̀ máa fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré jù kó ọmọ ẹja inú rẹ̀ tán. Àwọ̀n ọ̀rá tó já, ẹ má fi í sílẹ̀ sínú omi, yóò máa pa ẹja tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ. Ẹ fi ṣe ọgbà yí ewébẹ̀ ká.

Ó kan àtakò tó lágbára jù báyìí. Ará Ìlàjẹ kan lè sọ pé: “Epo rọ̀bì ba òkun jẹ́, ẹ wá ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rá píọ̀wọ́tà?” Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìdí. Àkọsílẹ̀ sọ pé agbègbè Aráròmí ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá epo ní 1908, kí ogun àgbáyé tó dá iṣẹ́ náà dúró ní 1914. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó rí epo tó ṣeé tà ní Oloibiri ní 1956. Ní oṣù karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ jókòó sórí pèpéle Parabe ti Chevron lójú òkun nítorí omi àti iṣẹ́ tó bàjẹ́. Àwọn ọmọ ogun fi hẹlikópítà dé, wọ́n sì pa ènìyàn méjì. Ẹjọ́ tí wọ́n pè nítorí rẹ̀ dé San Francisco ní Amẹ́ríkà, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ sì dá Chevron láre ní oṣù kejìlá 2008. Ní 2020 ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní kànga epo Ororo lójú òkun Awóyè, ó sì jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ni yóò fi ọ̀rá wé èyí?

Kò sí ẹni tó ń fi wé e. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bodo, ní ilẹ̀ Ogoni. Epo Shell dà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní 2008. Nǹkan bíi £4,000 ni ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fi lọ gbogbo ìlú. Àwọn ará Bodo gbé ẹjọ́ lọ sí London pẹ̀lú ẹ̀rí nípa bí epo náà ṣe pọ̀ tó àti ohun tó bàjẹ́, nígbà tó sì di oṣù kìíní 2015, Shell gbà láti san mílíọ̀nù £55. Láti ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dé mílíọ̀nù márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ti ìbínú, torí ìbínú ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí ni. Ìlú tó bá ń wọn ẹja tí ọkọ̀ ń kó wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń ya fọ́tò etí omi rẹ̀ lóṣooṣù, tó mọ ibi tí igi wà àti ibi tí kò sí mọ́, ti ní ohun tí yóò fi hàn lọ́jọ́ tí epo bá dà. Ìlú tí ìdọ̀tí tirẹ̀ kún etí omi yóò gbọ́ ọ lẹ́nu agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ba omi rẹ̀ jẹ́. Bí ìtọ́jú ìdọ̀tí ṣe di ohun ìjà nìyẹn.

Òfin ìjọba pẹ̀lú fi ọ̀nà sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí epo bá dà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó NOSDRA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2006, létí láàárín wákàtí 24. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́, ìjọba àti aṣojú ìlú yóò jọ lọ wo ibẹ̀, wọn ó sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan tó ń sọ ohun tó fà á àti iye epo tó dà. Fọ́ọ̀mù yìí ló ń pinnu ẹni tí yóò san owó, torí pé bí wọ́n bá kọ ọ́ pé olè ló fọ́ páìpù, owó gbà-máà-bínú parẹ́. Aṣojú ìlú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ láìya fọ́tò rẹ̀. Òfin epo ti 2021 náà sọ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ọdún tó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè àwọn ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Gbólóhùn kan tún wà níbẹ̀ tí a kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn olóṣèlú: bí ẹnikẹ́ni bá ba ohun èlò ilé-iṣẹ́ jẹ́ ní ìlú náà, inú owó yìí ni wọn yóò ti yọ owó àtúnṣe. Ìlú tó bá mọ ìwé yìí yóò ṣọ́ páìpù tìṣọ́ratìṣọ́ra, yóò sì tún mọ ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yọ owó tí kò yẹ.

Àtakò kan kù, àwọn ọ̀dọ́ ló sì sábà ń sọ ọ́: òkun yóò gbé ìlú lọ bó ti wù kó rí, kí ni a ń tọ́jú? Wọ́n ní ìjọba àti NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, ti ń sọ̀rọ̀ odi òkun fún Ayétòrò láti nǹkan bí ogún ọdún, omi ò sì dúró. Mo gbà pé Aráròmí kò lè fi èèpo àgbọn dá òkun dúró, àti pé odi gidi jẹ́ iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n òkun kì í jẹ gbogbo ilẹ̀ bákan náà. Ibi tí igi àti iyanrìn wà, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ. Ibi tí wọ́n ti hú wọn, kíákíá ni. Ọdún tí igi àti iyanrìn bá fi kún ọjọ́ orí ìlú lè tó fún ọmọ kan láti jáde ilé-ìwé. Yàtọ̀ sí èyí, òpópónà etíkun láti Èkó sí Calabar tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ni wọ́n fẹ́ gba Ògùn àti Oǹdó kọjá. Bó bá dé, àlejò, ọjà àti ike yóò bá a dé, àwọn tó ń wá iyanrìn fún títì náà kò sì ní pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ìlú tí kò ní òfin kan nílẹ̀ kí wọ́n tó dé kò ní ráyè ṣe é lójú wọn.

Ta ni yóò mú òfin náà ṣẹ? Kì í ṣe ọlọ́pàá. Ní ìgbà tí Ayétòrò kọ́kọ́ dúró, àwọn ará ìlú náà jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń pín èrè, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń ran aṣọ, wọ́n ń la ọ̀nà pákó sórí omi, láìsí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó ń lé wọn kiri. Kò pọn dandan kí Aráròmí máa pín èrè. Ó tó kí báálẹ̀, ìyálọ́jà, olórí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àti ọ̀dọ́ kan tó mọ ìwé kọ jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ọ̀dọ́ yẹn kọ iye àpò ike tó jáde, iye ìdì igi tí ààrò jẹ, ibi tí omi dé ní etí ilé tó wà níwájú jù, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ìwé kan ni, kálámù kan, àti àpótí tí omi kò lè wọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé ìlú tó ń bọ̀ yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí obìnrin ẹlẹ́ja kan ó kéré tán wà lára àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí i, nítorí pé òun ló mọ iye igi.